Ẹyin, Eyín àti Mínírà: Bí A Ṣe Lè Ṣàlàyé Àyẹ̀wò Sáyẹ́ǹsì Kan ní Èdè Yorùbá

1. Ìfáárà

Àyẹ̀wò kan wà tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọn a rẹ ẹyin adìyẹ sínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní mínírà. Wọn a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn a sì fi ohun tí ojú bá rí lára èèpo ẹyin náà kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mínírà ń ṣe eyín wọn. Àyẹ̀wò náà kò gba owó púpọ̀, kò sì sí ohun èlò kan nínú rẹ̀ tí ó ṣòro rí. Ní Mende, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹyin àti mínírà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá sì wọ mọ́tò lójú ọ̀nà Ìkòròdú, mínírà tútù ni àwọn olùtajà yóò máa nà sí i láti ojú fèrèsé.

Ohun tí ó mú àwa olùkọ́ Yorùbá dá sí ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé àyẹ̀wò yìí ní Yorùbá, gbólóhùn tí ó máa ń yá a lẹ́nu ni 'Ṣúgà ń jẹ eyín' tàbí 'Kòkòrò ń jẹ eyín.' Kò sí àṣìṣe gírámà nínú gbólóhùn méjèèjì, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó sọ òótọ́ dé ìdí nínú wọn. Èrò tiwa ni pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ, bí olùkọ́ bá lè ya 'dídùn' kúrò lára 'kíkan', tí ó ya ẹyin kúrò lára eyín, tí olùdánwò náà sì ń fún ìgbésẹ̀ àlàyé ní máàkì.

Kí a má baà da ọ̀rọ̀ rú, 'àyẹ̀wò' ni a ó máa lò fún ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ní kíláàsì láti mọ òótọ́. 'Ìdánwò' ni a ó fi sílẹ̀ fún èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó ṣe lórí ìwé.

2. Kí ni ó kàn wá nínú sáyẹ́ǹsì?

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tiwa. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àròkọ alálàyé wà lára ohun tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé bí a ṣe ń se ẹ̀kọ àti bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ nìkan ni wọ́n lè ṣàlàyé ní Yorùbá, a ti fi ọwọ́ ara wa dín ayé èdè náà kù.

Wọ́n ti dán ọ̀nà yìí wò rí. Láti ọdún 1970 títí di 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi ọdún mẹ́fà-mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ìlànà ti ń lọ, ó ti ń bọ̀. Ní ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó fi Yorùbá ṣe ẹ̀kọ́ dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò náà. Èyí já sí pé iṣẹ́ fífi Yorùbá ronú nípa ohun tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn tí ó lè sá sí mọ́ bí kò ṣe kíláàsì tiwa.

3. Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà

Ẹ jẹ́ kí a fi kíláàsì kan ní Mende ṣe àpẹẹrẹ. Ife márùn-ún ni olùkọ́ yóò wá, gíláàsì tàbí ike tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ni yóò wọ inú ife kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó wà nínú ife márààrún nìwọ̀nyí:

(i) omi lásán;
(ii) omi tí a po ṣúgà púpọ̀ sí, ó kéré tán ṣíbí ìpotíì 9 nínú omi tí ó tó ìgò mínírà kan;
(iii) mínírà kọ́là tí ó ní ṣúgà;
(iv) mínírà kọ́là tí kò ní ṣúgà rárá;
(v) omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ọtí kíkan bí a bá rí i.

Kí ohun mímu tí ó wà nínú ife kan má ṣe pọ̀ ju ti èkejì lọ. Kí a rẹ gbogbo ẹyin ní wákàtí kan náà, kí a sì kọ nọ́ńbà sí ara ife. Ó dára kí a kọ́kọ́ tú mínírà sílẹ̀ kí gáàsì rẹ̀ jáde tán, nítorí mínírà a máa hó fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ara ẹyin ni híhó náà ti ń wá.

Ohun kan tún wà tí ìwé ìlú òkèèrè kò lè sọ fún wa. Ẹyin funfun ni ìwé wọn máa ń pè fún, kí àwọ̀ kọ́là lè hàn lára rẹ̀. Ẹyin aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni ó pọ̀ jù nínú ẹyin oko adìyẹ tí wọ́n ń tà ní Èkó, àwọ̀ kọ́là kì í sì í hàn lára rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, kí olùkọ́ wá ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ tí ó funfun, tàbí kí ó sọ fún àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ ni wọn yóò fi mọ ìyàtọ̀, kì í ṣe ojú nìkan.

Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹyin tútù. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹyin tí a fi ṣe àyẹ̀wò.

4. Ohun tí a ó rí

Nínú omi lásán, èèpo ẹyin kò ní yí padà. Nínú omi ṣúgà pàápàá, kò ní yí padà. Èèpo náà yóò le bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ẹnu ti máa ń ya àwọn ọmọ, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan, èèpo náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, èèpo líle yóò ti yọ́, yóò wá ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó di ẹyin náà mú. Ẹyin náà yóò rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù, yóò sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí omi tí ó gba inú awọ náà wọlé.

Nínú kọ́là, iṣẹ́ náà kì í yá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, a ó rí i pé àwọ̀ kọ́là ti mú ara èèpo, ara rẹ̀ kò sì dán mọ́. Bí a bá ń pààrọ̀ kọ́là náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, èèpo náà yóò máa fẹ́lẹ́ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí kọ́là oníṣúgà ṣe ni kọ́là aláìníṣúgà náà yóò ṣe.

Kí ló fa èyí? Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún èèpo ẹyin, bíi 95 ni ó jẹ́ kálísíọ̀mù kábónéètì, irú ohun kan náà tí ó wà nínú ẹfun àti ìkarahun ìgbín. Ohun kíkan ni ó máa ń tú èròjà yìí ká. Bí ó bá ti ń tú u ká ni afẹ́fẹ́ kan ń jáde, èyí tí a rí bíi híhó. Òun ni kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáídì, irú èyí tí à ń mí síta. Ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì ni ó mú kọ́là kan. Ásíìdì sítíríìkì, tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ni ó sábà máa ń mú mínírà ọlọ́sàn kan. Ṣúgà kò lọ́wọ́ nínú yíyọ́ èèpo ẹyin. Ohun tí ṣúgà ṣe nínú mínírà ni pé ó bo kíkan náà mọ́lẹ̀, tí ahọ́n fi gbà pé dídùn nìkan ni ó wà níbẹ̀.

5. Láti ara ẹyin dé ara eyín

Àwọn àgbà ní, 'Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí.' Jíjọ kò sọ èèpo ẹ̀pà di pósí. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ẹyin jọ ara eyín, tí kì í ṣe òun. Kálísíọ̀mù wà nínú méjèèjì, ohun kíkan sì lè yọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù pẹ̀lú fọ́sífétì ni ó para pọ̀ di ara eyín, ó sì le ju èèpo ẹyin lọ. Ẹyin wà nínú mínírà tọ̀sán-tòru. Mínírà kì í pẹ́ lẹ́nu kí á tó gbé e mì. Ẹyin kò ní itọ́ tí yóò ṣan án, ẹnu ní. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ní 'bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́' ti sọ àsọdùn.

Ǹjẹ́ kí ọmọ wá sọ pé ṣúgà kò ní ẹ̀bi, níwọ̀n bí kò ti ṣe ẹyin ní nǹkan? Rárá o. Ẹnu ní ohun tí ife kò ní: kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún 1890, W. D. Miller, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, tẹ ìwé jáde nínú èyí tí ó ti fi hàn pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni ó ń sọ oúnjẹ oníṣúgà àti onísítáàṣì di ásíìdì, tí ásíìdì náà sì ń yọ́ eyín. Ní ọdún 1924, J. Kilian Clarke ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù rí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kòkòrò náà, ó sì pè é ní Streptococcus mutans. Láàárín ọdún 1940 sí 1944, Robert Stephan ní Amẹ́ríkà wọn bí ara eyín ti ń kan tó lẹ́yìn tí ènìyàn bá fi omi ṣúgà yọ ẹnu. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kíkan náà ti ga. Ó sì gba bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí itọ́ tó pa á.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíkan ni pH. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà náà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i, ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ara eyín a máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí ẹnu bá lọ sí ìsàlẹ̀ bíi 5.5. Kọ́là wà ní bíi 2.5, èyí tí ó já sí pé ó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ju ààlà náà lọ.

Ọ̀nà méjì, nígbà náà, ni mínírà oníṣúgà fi ń ba eyín jẹ́. Èkínní, òun fúnra rẹ̀ kan, kíkan rẹ̀ sì ń yọ́ ojú eyín. Èkejì, ṣúgà inú rẹ̀ di oúnjẹ fún kòkòrò àìfojúrí, àwọn náà sì ń pèsè kíkan mìíràn sí ara eyín títí yóò fi lu. Ẹyin fi ọ̀nà èkínní hàn wá. Kò lè fi èkejì hàn.

Ìdí nìyí tí iye ìgbà fi ṣe pàtàkì ju bí ó ti pọ̀ tó lọ. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìtọ́jú Vipeholm ní Sweden, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1954. Ó fi hàn pé ṣúgà tí ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ni ó ń ba eyín jẹ́ jù. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, tí wọn kò lè gbà tàbí kọ̀, ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, wọ́n sì ba eyín ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Ó yẹ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ èyí, kí ó lè mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ẹyin ni a rẹ sínú ife, tí a kò fi ẹnu ọmọ ẹnikẹ́ni dán nǹkan wò.

Ní ti iye ṣúgà, bí gíráàmù 10 bá wà nínú mìlílítà 100, ìgò sẹ̀ǹtílítà 35 yóò ní gíráàmù 35, ìyẹn bíi ṣíbí ìpotíì 9. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ, èyí tí ó jẹ́ bíi gíráàmù 50 lóòjọ́ fún àgbàlagbà. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 ní Nàìjíríà sì fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń dà wá láàmú

(a) Ẹyin àti eyín. Ẹ wo gbólóhùn yìí bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì: 'Salaye ohun ti minira n se fun eyin.' Ṣé ẹyin ni, àbí eyín? Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀yin, àwa tí à ń ka ìbéèrè. Ìwé àtijọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí díẹ̀, nítorí 'ehín' ni Bíbélì Yorùbá ń kọ fún ti ẹnu, tí ó sì ń kọ 'ẹyin' fún ti adìyẹ. Láti ìgbà tí àkọtọ́ òde òní, tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, ti gba 'eyín' wọlé, àmì orí ọ̀rọ̀ àti ti ìsàlẹ̀ ni ó kù tí ó ń dá wọn sílẹ̀. Bí ó ti rí nìyẹn fún 'itọ́' tí ń ṣan eyín. Bí a bá gbàgbé àmì rẹ̀, ó di ohun tí kò yẹ kí ó dé ẹnu ọmọlúwàbí.

(b) Kan. Àmì kò lè gbà wá níbí. 'Mínírà kan' lè jẹ́ mínírà ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ pé mínírà náà kan lẹ́nu. 'Mínírà kan eyín' lè jẹ́ pé ó fara kàn án lásán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ 'mínírà náà ní kíkan nínú' tàbí 'ohun kíkan inú mínírà.' Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni ó dára jù lọ fún iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá jẹ ọsàn kíkan jù, Yorùbá a ní eyín ń kan án. Àwọn baba wa ti so kíkan mọ́ eyín kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé. Ní ti 'ásíìdì', àwọn ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n mọ́ omi bátìrì mọ́tò tí ń bó ni lára. Bí a bá ṣàdédé sọ pé ásíìdì wà nínú mínírà, wọn yóò bẹ̀rù tàbí kí wọ́n rò pé irọ́ ni. Kí olùkọ́ ti orí 'ohun kíkan' lọ sí 'ásíìdì', kí ó má ṣe ti orí 'ásíìdì' bẹ̀rẹ̀.

(d) Jẹ àti kòkòrò. 'Jẹ' gbòòrò ní Yorùbá: ìkán ń jẹ igi, omi òkun ń jẹ páànù. Nítorí náà, 'Ohun kíkan ń jẹ eyín' kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá ní 'kòkòrò ń jẹ eyín', ọmọ yóò fojú inú rí ekòló kékeré kan tí ń họ ihò sí eyín, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà gbọ́ nílé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kòkòrò náà kò jẹ eyín. Ṣúgà ni ó ń jẹ. Ohun kíkan tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde ni ó ń yọ́ eyín. Gbólóhùn kan péré ni ó ya ìgbàgbọ́ àtijọ́ kúrò lára ìmọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ àyálò kan nínú rẹ̀ ju ṣúgà lọ.

7. Ọ̀rọ̀ sí àwọn olùdánwò

Bí a bá fi àyẹ̀wò yìí ṣe ìbéèrè àròkọ alálàyé, a dá a lábàá pé kí a wá ìgbésẹ̀ mẹ́fà nínú ìdáhùn: pé ẹyin dúró fún eyín ni, kì í ṣe òun, pé mínírà ní kíkan nínú, pé kíkan náà ni ó yọ́ èèpo, pé omi ṣúgà nìkan kò yọ́ ọ, pé kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni ó ń sọ ṣúgà di ohun kíkan, àti pé itọ́ lè tún ẹnu ṣe bí a bá fún un ní àyè. Kí máàkì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó kọ 'ohun kíkan' dípò 'ásíìdì', tàbí 'ásíìdì' dípò 'ohun kíkan'. Ìpínrọ̀ bí irú èyí yẹ kí ó gba máàkì tí ó jọjú:

'A rẹ ẹyin sínú omi ṣúgà, èèpo rẹ̀ kò rọ̀. A rẹ òmíràn sínú mínírà tí kò ní ṣúgà, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí jẹ́ kí a mọ̀ pé kíkan ni ó yọ́ èèpo náà, kì í ṣe dídùn. Ṣùgbọ́n nínú ẹnu wa, dídùn a máa di kíkan, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ṣúgà, wọ́n sì ń ti ohun kíkan jáde sí ara eyín.'

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìwé ìbéèrè tiwa fúnra wa ní àmì ohùn pípé. A kò lè fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àṣìṣe tí àwa náà ṣe.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àyẹ̀wò ẹyin àti mínírà dára, bí a bá mọ ibi tí ó lè mú wa dé. Ó fi kíkan hàn. Kò fi kòkòrò hàn. Olùkọ́ ni yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu parí èyí tí ife kò lè fi hàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ èdè sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí àlàyé náà bá yé ọmọ kan ní Mende dáadáa, kò ní sọ fún ìyá rẹ̀ pé mínírà aláìníṣúgà kò lè ṣe eyín ní nǹkan. Kò sì ní máa mu mínírà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Yóò máa run orín tàbí kí ó fọ ẹnu lálẹ́ kí ó tó sùn, yóò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ jẹ́ kí a rọra gbé e.